Ẹ bá mi wádìí: bàbá bàbá mi tí wọ́n ní Japan mú lógun Bọ́mà

Àṣàkẹ́ Òkè-Fìá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n eléyìí ju agbára mi lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí ni wọ́n, wọ́n lọ sógun Hítílà. Ìyẹn ò fara sin, Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé, kódà di òní yìí tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé ilé Bàbá Bọ́mà lẹ̀ ń lọ, kò ní bi yín léèrè ọ̀nà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nílé ni pé Japan mú wọn lóǹdè nínú igbó Bọ́mà, pé wọ́n pẹ́ lọ́wọ́ wọn, pé ilé ti ń palẹ̀ mọ́ láti ṣòkú wọn kí wọ́n tó já wálé lọ́dún 1946. Ìyá àgbà, ìyáálé ilé, ló máa ń sọ ọ́. Bàbá fúnra wọn ò sọ ọ́ rí. Tá a bá béèrè wọ́n á ní "lọ bá mi tan rédíò", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Èmi ni mo wá ń kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀ báyìí torí àwọn ọmọ, mo dé orí Bàbá Bọ́mà ni mo bá dúró gbagidi. Ibo ni wọ́n ti mú wọn? Àgọ́ wo ni wọ́n kó wọn sí? Báwo ni wọ́n ṣe jáde? Mo ti tẹ orúkọ ìdílé wa sórí Google títí, mo tẹ orúkọ agbolé, kò sí nǹkan kan. Àbúrò bàbá mi tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí báyìí ò sì fẹ́ kí n tú u wò rárá, wọ́n ní ìtàn ti wà ńlẹ̀, kí ni mo tún ń wá. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú sha. Nígbà kan ọkùnrin kan wá bá wọn pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún ìdílé àwọn tí Japan mú, ó gbowó fọ́ọ̀mù, ó gbowó ìbúra kóòtù, ó tún padà wá gbowó pé òun fẹ́ fi DHL rán an lọ Lọ́ńdọ̀n, bẹ́ẹ̀ la ò gbúròó ẹ̀ mọ́ dòní.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa rèé: ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà, fọ́tò kan, àti mẹ́dàlì kan tó rí bí ìràwọ̀, tẹ́ẹ̀pù aṣọ tí wọ́n fi so ó jẹ́ búlúù dúdú, pupa wà láàárín, àwọ̀ ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìwé yẹn, wọ́n ti ká a ní mẹ́rin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ojú ibi tó ti ká gan-an ló ti jẹ, ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà sójà wọn wà, ó ti lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tá a kéré. Tí ẹ̀rọ̀pílénì bá fò kọjá tí kò ga jù, bàbá á dìde lórí àga, wọ́n á jáde sí gbàgede, wọ́n á gbọ́wọ́ síwájú orí, wọ́n á máa wo òkè títí tá ò fi ní gbọ́ ariwo ẹ̀ mọ́, wọ́n á wá ní "oúnjẹ ti kọjá". Ọjọ́ orí la pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí?

Adé Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o Àṣàkẹ́. Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀ lèmi náà, Lọ́ńdọ̀n ni mo wà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó yẹn kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́ ni o, lọ́dún 2000 ìjọba ibí ní àwọn á san 10,000 pọ́n-ùn fún ẹni tí Japan mú lóǹdè nígbà ogun yẹn tó ṣì wà láyé, tàbí opó ẹni tó ti kú. Ọmọ ò sí níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ò sí níbẹ̀. Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé fọ́ọ̀mù wọlé yín, ẹ lé e síta.

Ó yá, ìwé. Ibi tí wọ́n kó ìwé ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sí ni National Archives ní Kew, kò jìnnà síbi tí mò ń gbé. Àwọn ará Japan ní káàdì tí wọ́n ń kọ fún ẹni tí wọ́n bá mú. WO 345 ni wọ́n pe ọ̀wọ́ káàdì yẹn, ó lé ní 50,000, èdè Japan ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára ẹ̀, ẹni tó bá kú sí àhámọ́ wọ́n á fa ìlà pupa dábùú káàdì tiẹ̀. Ìkejì ni WO 344. Ìyẹn fọ́ọ̀mù tí àwọn òǹdè kọ lẹ́yìn tí wọ́n gba ìdáǹdè, ó tó nǹkan bí 140,000, àwọn tí Jámánì mú àtàwọn tí Japan mú ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á kọ àgọ́ tí wọ́n wà, wọ́n á kọ ẹni tó bá gbìyànjú láti sá, wọ́n á kọ ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn sí i jù. Kì í ṣe gbogbo òǹdè ló kọ fọ́ọ̀mù. Japan náà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Geneva ti 1929 lórí àwọn òǹdè ogun ṣùgbọ́n wọn ò padà fi òǹtẹ̀ lù ú nílé, torí ẹ̀ orúkọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Red Cross ò pé rárá. Ẹ lè kọ̀wé sí Red Cross ní Geneva o, àkójọ wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò-àsìkò ni wọ́n ń gba ìbéèrè lórí ogun kejì, tí iye tí wọ́n fẹ́ bá ti pé wọ́n á tilẹ̀kùn.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ìwé bàbá fún wa. Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀, ohun tójú yín rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ẹ̀yìn fọ́tò.

Jẹ́jẹ́ Layé

Ẹ̀yin èèyàn yìí ò níṣẹ́ o. Bàbá ò fẹ́ sọ ọ́, ẹ tún ń lọ hú u síta. Ó tó jàre, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Àṣàkẹ́ Òkè-Fìá

Jẹ́jẹ́ Layé, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n bàbá ò sọ pé ká má wá a o. Inú páànù bísíkíìtì ni wọ́n tọ́jú ìwé yẹn sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n so ó ní rọ́bà. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan parun kì í ṣètọ́jú ẹ̀ báyẹn.

Adé ẹ ṣé gan-an. Mo ti tú u sílẹ̀ níwájú mi. NA/ ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, mi ò ní kọ nọ́ńbà yẹn síta gbangba, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni LAMIDI OSHOGBO. Ìdílé wa ò jẹ́ Òṣogbo o! Lámídì ni bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwa ń jẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá, àyà mi ti ń já báyìí, àbí ìwé ẹlòmíì la ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí? Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n kọ 4 N.R. Wọ́n kọ pé wọ́n wà lókè òkun láti 1943 sí 1946. Níbi ìwà, wọ́n kọ Very Good. Ìyókù ò ṣeé kà, tàdáwà ti rá.

Ẹ̀yìn fọ́tò wá rèé, n kò wò ó rí láyé mi. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́: Madras, April 1945. Àwọn mẹ́rin ló wà nínú fọ́tò yẹn, bàbá ló jókòó lápá òsì, wọ́n de bẹ́líìtì, fìlà sójà wọn dagun sápá kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún dáadáa.

Tíṣà Àgbà

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ìwé bàbá rẹ ni.

Iṣẹ́ ìtàn ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí irú ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn arúgbó ní Ìkìrun, ní Ẹdẹ, ní Òṣogbo níbí náà. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ sójà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force, orúkọ ẹni kan ni wọ́n ń kọ, wọ́n á wá fi ìlú ẹ̀ tẹ̀ lé e. Musa Kano, Lawani Ibadan, báyìí báyìí. Akọ̀wé wọn ò ráyè oríkì agbolé kankan. Torí náà dákun, yé fi orúkọ ìdílé wá a. Oshogbo ni kó o tẹ̀, kó o fi h sí i bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà. Lamidi náà, yí i síbí yí i sọ́hùn-ún: Lamide, Lamidu, Hamidu, ohun tó bá dé etí akọ̀wé ló kọ. NA yẹn, tiwa ní Nàìjíríà ni, ti Gold Coast máa ń jẹ́ GC. Nọ́ńbà tó jẹ yẹn ò yẹ kó pa ọ́ láyà, láti 0 dé 9 náà ni, ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́dàlì yẹn, Burma Star ni, ti àwọn tó jagun Bọ́mà. Àwọ̀ tó o kà sílẹ̀ yẹn ni tiẹ̀.

Wàyí o, 4 N.R. yẹn ló jẹ́ kí n dìde lórí àga tèmi. Ẹgbẹ́ kẹrin nínú Nigeria Regiment nìyẹn. Lábẹ́ 6th West African Brigade ni wọ́n wà, nínú 81 Division (ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá kan), àwọn àtàwọn ọmọ Sàró àtàwọn ará Gambia ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Àwọn 81 yìí ló gbé àwòrán aláǹtakùn sí èjìká. Ọdún 1943 ni wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ Íńdíà, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1944 wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì odò Kaladan ní apá Arakan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò kankan tó wọ ibẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ la ọ̀nà gba orí òkè. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Ọta ìbọn, oúnjẹ, ẹni tó fara gbọgbẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí tàbí léjìká. Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó míì ò rí irú ẹ̀ rí, odindi division tí orí èèyàn jẹ́ lọ́rì fún un.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Láti ojú ọ̀run ni. Ẹ̀rọ̀pílénì á wá, á fò wálẹ̀, á máa já àpò ìrẹsì àti páálí agolo sílẹ̀ pẹ̀lú párásúùtù, tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí kùrukùru bo òkè tí páílọ́ọ̀tì ò rí iná tí wọ́n dá sílẹ̀, á fò kọjá, ebi á pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Àṣàkẹ́, ọjọ́ orí kọ́ ló ń ṣe bàbá rẹ nínú gbàgede.

Oṣù kẹta 1944 ni Japan yíjú padà sí wọn ní Kaladan, wọ́n tú wọn ká, 81 ní láti fà sẹ́yìn. Àárín oṣù yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lọ́nà Ọ̀wọ̀, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ẹ̀bá odò yẹn ni Japan ti ká wọn mọ́, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni wọ́n wà nínú igbó, àwọn ará abúlé tó jẹ́ mùsùlùmí ló ń fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọn pa mọ́ títí ọdún yẹn fi ń parí lọ, kí àwọn sójà tiwọn tó padà débẹ̀. Nílé, wọ́n ti gbà pé ó ti kú. Ọdún 2012 ló tó kú, nílé ara ẹ̀.

N ò ní bàbá Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé nínú igbó yẹn, èèyàn lè sọnù kó má jẹ́ pé àgọ́ òǹdè ló wà.

Ọmọ Alákétu

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un díẹ̀, kì í ṣe Bọ́mà. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, àti ní Ṣábẹ́ náà, Faransé ló kó àwọn bàbá wa lọ sógun. Jámánì mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà aláwọ̀ dúdú ní France lọ́dún 1940, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, bíi ti Chasselay lẹ́bàá Lyon lóṣù kẹfà ọdún yẹn. Àwọn tó kù, wọn ò kó wọn dé Jámánì, France níbẹ̀ ni wọ́n ti há wọn mọ́ àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Frontstalag. Nígbà tí wọ́n wá dá àwọn kan padà sí Dakar, tí wọ́n ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ àwọn fún àwọn, Faransé fìbọn fọ́n wọn ká ní Thiaroye ní 1 December 1944. Iye tí wọ́n pa, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí dòní.

Ẹni tí ìyá ẹ̀ bá ti apá ọ̀dọ̀ wa wá nínú ẹ̀yin ará Òṣogbo, Lọ́ńdọ̀n kọ́ ni kẹ́ ẹ wá tiyín lọ o, Pau àti Caen ní France ni, ibẹ̀ ni ìwé àwọn sójà Faransé wà.

Àṣàkẹ́ Òkè-Fìá

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Ara mi bù mọ́lẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ̀pílénì yẹn, mo pe bàbá mi lórí fóònù mo kà á fún wọn, wọn ò sọ nǹkan kan títí, wọ́n kàn ní kí n tún un kà.

Ṣùgbọ́n sà, ẹ má bínú, ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé irọ́ ni ìyá àgbà pa fún wa? Torí ìyá yẹn kì í purọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ ọ́n pa.

Adé Peckham

Kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn ná, Tíṣà ẹ gbà mí láàyè.

Madras, April 1945. Àwọn tí Japan mú ní apá Bọ́mà tí wọ́n kó wá sí ẹ̀wọ̀n Rangoon, olú ìlú Bọ́mà nígbà náà, òpin oṣù kẹrin 1945 yẹn sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Japan sá kúrò ní Rangoon, wọ́n kó àwọn tó lè rìn dání, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́nà Pegu, àwọn tó kù nínú ẹ̀wọ̀n fi ọ̀dà kọ ọ́ sórí òrùlé pé Japan ti lọ kí ẹ̀rọ̀pílénì Gẹ̀ẹ́sì má baà ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àwọn tó ti ibẹ̀ jáde, egungun ni. Bàbá tiyín wà ní Madras nínú oṣù kẹrin kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, wọ́n de bẹ́líìtì, àwọn ọ̀rẹ́ wọn jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú Myohaung ní Arakan lóṣù kìíní 1945 ni wọ́n kó 81 Division padà sí Íńdíà, apá Madras yẹn náà ni wọ́n kó wọn lọ. Tí ẹni tó kọ ẹ̀yìn fọ́tò yẹn bá kọ ọ́ re, bàbá ti padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn kí Rangoon tó ṣí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wà lọ́wọ́ Japan rí, wọ́n ti jáde tipẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní kọ́kọ́ lọ sídìí káàdì mọ́. Mo máa wò ó, kò ní gbà mí lásìkò, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi wà ni WO 172, ìwé ojoojúmọ́ tí ẹgbẹ́ sójà kọ̀ọ̀kan ń kọ lójú ogun. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n sùn, òjò tó rọ̀, ẹni tó kú, ẹni tí wọn ò rí, ẹni tó rìn padà wọ àgọ́. Orúkọ òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń kọ ní kíkún, tiwa wọ́n lè kọ "sójà mẹ́ta" kí wọ́n kọjá lọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ á wà níbẹ̀. WO 361 náà wà, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó sọnù. Fóònù ni màá fi yà á, wọ́n ń jẹ́ kéèyàn yà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ilé: ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves, ẹ má wá bàbá níbẹ̀ torí òkú nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ wá àwọn ti Nigeria Regiment tó kú lóṣù kẹta sí ìkẹrin 1944. Àwọn tí wọn ò rí òkú wọn, Rangoon Memorial ní Taukkyan ni orúkọ wọn wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 orúkọ. Bí ọjọ́ kan bá pa ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ yẹn ni ká gbájú mọ́.

Tíṣà Àgbà

Adé ti sọ ọ́. Èmi á kàn dáhùn ti ìyá.

Àṣàkẹ́, ìyá àgbà ò sí ní Kaladan. Òṣogbo ni wọ́n wà, wọ́n ń re aró. Ohun tí ẹnì kan wá sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sọ fún yín, ẹni yẹn náà, ẹnì kan ló rán an. Sójà sọnù nínú igbó, wọn ò rí òkú ẹ̀, wọn ò rí ààyè ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sí ilé? Torí náà ìbéèrè tí mo fẹ́ kó o béèrè ni pé ta ló mú ìròyìn yẹn wá. Ṣé ẹnì kankan ṣì wà nínú ìdílé tó dàgbà tó láti rántí? Béèrè lónìí, má dúró de Kew.

Àṣàkẹ́ Òkè-Fìá

Mo ti béèrè sà. Àbúrò Bàbá Bọ́mà lóbìnrin ṣì wà, Popo ni wọ́n ń gbé, ojú wọn ti lọ ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé ju tèmi lọ. Ọmọdébìnrin tí ń gbé agbọ̀n ẹ̀kọ ni wọ́n nígbà yẹn. N kò bi wọ́n pé kí ni Japan ṣe, mo bi wọ́n bí ẹ ṣe ní, pé ta ló wá.

Wọ́n ní akódà ni, láti ọ́fíìsì D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, pé ó gun básíkù wá, pé ó ní ìwé lọ́wọ́ tí ò sẹ́ni tó lè kà á nínú ilé, ó wá fẹnu sọ ọ́ fún wọn. Pé ó ní wọ́n ń wá Lámídì, wọn ò tíì rí i, tí kò bá kú, a jẹ́ pé ọwọ́ Japan ló wà. Wọ́n ní ìyá wọn sunkún títí, pé bàbá wọn lé akódà náà tì í bi í pé èwo nínú méjèèjì, ó ní òun ò mọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun jẹ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn owó tí sójà ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ò dúró, ìyẹn ló jẹ́ kí bàbá wọn máa sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ò kú, pé Japan ló mú un, torí òyìnbó kì í sanwó fún òkú.

Mo wá bi wọ́n pé nígbà tí bàbá dé, ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà? Wọ́n ní rárá o. Pé ọjọ́ tí reluwé gbé wọn dé, ó ti di pé gbogbo ìlú ń kí wọn kú oríire ìdáǹdè, ó sì kàn ń dá wọn lóhùn ni.

Àbúrò bàbá mi ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ tán lórí fóònù mi. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé ṣé owó 2000 yẹn ti parí pátápátá.

Adé Peckham

Ẹ bá mi kí wọn gan-an. Kò kan ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rárá.

Àṣàkẹ́, ohun tí màmá yẹn sọ dára ju ìdajì ohun tí mo lè rí ní Kew lọ. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ tún béèrè ìgbà tí akódà wá, kì í ṣe ọdún, ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóko lásìkò yẹn. Tí wọ́n bá ní wọ́n ń gbin àgbàdo, a mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ ni, ìyẹn á bá oṣù kẹta sí ìkẹrin mu. Tí wọ́n bá ní ìgbà iṣu tuntun, a jẹ́ pé ìròyìn pẹ́ lọ́nà tàbí ká wá a síbòmíì. Mo ti béèrè fún WO 172 ti ẹgbẹ́ kẹrin fún 1944, tí mo bá ti rí i màá gbé e síbí.

Àṣàkẹ́ Òkè-Fìá

Mo béèrè. Wọ́n ní àgbàdo ò tíì yọ ọmú.

Tíṣà Àgbà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ wá lọ sí Ìbàdàn. National Archives wà nínú Yunifásítì ibẹ̀. Má lọ débẹ̀ kó o lọ máa béèrè "ogun Bọ́mà", wọ́n á kó fáìlì tí kò kàn ọ́ fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwé Oshun Division ni kó o ní kí wọ́n gbé wá, ìyẹn ìwé ọ́fíìsì D.O. tí akódà yẹn ti gbéra, 1944 sí 1946. Àwọn lẹ́tà tí àwọn ará ìlú ń kọ sí D.O. ni kó o máa tú, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, lẹ́tà ẹjọ́, tí letterwriter bá wọn kọ lẹ́bàá ọjà. Bàbá tó ń lé akódà tì í bi í léèrè, ó ṣòro fún un láti má san kọ́bọ̀ fún letterwriter. Orúkọ ìdílé yín ni wọ́n á fi kọ lẹ́tà yẹn, Oshogbo kọ́, torí bàbá ló kọ ọ́, sójà kọ́. Wá méjèèjì.

Mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání, mú omi, mú pẹ́ńsùlù, má mú bírò. Aṣọ funfun ni kó o má wọ̀.